Ìlú Orí Tábìlì Télọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń pàdánù tábìlì nínú ilé ara rẹ̀ láìjẹ́ pé olè wọlé, ẹ lọ bi Télọ̀. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kẹjọ nìyí tí kò tíì rán nǹkan tó ju bọ́tìnnì lọ. Tábìlì gidi ni tábìlì náà. Pákó rẹ̀ nípọn, ó gùn tó ẹni tó sùn gbalaja, Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì dúró ti káfíńtà tó kàn án nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ. Ọkọ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àbí kí n kúkú sọ pé ọkọ rẹ̀ ló kọ́lé sórí rẹ̀.

Ayàwòrán ilé ni ọkọ yìí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ya ilé fún àwọn ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì ìjọba, kò sì kọ́ ẹyọ kan fún ara rẹ̀. Yàrá mẹ́ta tí wọ́n háyà ni wọ́n ṣì wà títí dòní. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé lókèèrè fi páálí búlọ́ọ̀kù kéékèèké ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó ń wọnú ara wọn, tó sì máa ń dún "kẹ́" bó bá ti mú. Ó ní kí bàbá òun máa fi ṣeré. Eré kẹ̀! Bàbá fi kọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó fi kọ́ afárá. Ọmọ tún fi páálí mìíràn ránṣẹ́, bàbá kọ́ ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta tó ní fèrèsé mẹ́rìnlélógún, ó kọ́ ilé ẹjọ́, ó kọ́ ilé olórùlé pupa lọ bẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, láìwo ìwé kankan. "Fún ìgbà díẹ̀ ni," ló sọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tò ó sórí tábìlì. Télọ̀ gbé máṣíìnì rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bò ó. Àwọn aládùúgbò sọ bàbá ní Onílé Orí Tábìlì, bàbá sì gbádùn orúkọ náà ju oyè lọ.

Kíkọ́ ló dùn, ìtọ́jú ni iṣẹ́. Oòrùn máa ń jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù funfun pọ́n bí eyín àgbàlagbà, nítorí náà kọ́tìnnì pálọ̀ kò gbọdọ̀ ṣí. Fáànù máa ń gbé eruku wá, ó sì máa ń bi àsíá orí ilé ẹjọ́ ṣubú, nítorí náà fáànù kò gbọdọ̀ yí. Láti ọdún mẹ́ta ni ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, kò lè tọwọ́ bọ àárín òpó afárá mọ́ kó má wó nǹkan. Ọwọ́ Télọ̀ ló wá ń wọ̀ ọ́. Láràárọ̀, yóò mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ jù lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé sọ̀kalẹ̀, torí ẹni tó bá gbálẹ̀ kó tó gbá òrùlé, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gbálẹ̀. Yóò wé òwú tútù mọ́ igi ìtayín, yóò máa fi nu fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá yóò jókòó sórí àga, yóò máa darí rẹ̀.

"Fèrèsé kejì, lápá òsì. Rọra. Mo ní kó o rọra."

Ọmọọ́lé kan ń gbé nínú ibùdó ọkọ̀ náà. Òun ni èrò kan ṣoṣo tí ìlú náà ní, Télọ̀ sì máa ń kí i. "Ẹ kú ìjókòó o. Ọkọ̀ yín ò tíì dé."

Ẹnu kò gba ìròyìn ooru pálọ̀ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì mí gbọ́, Télọ̀ fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò nà án rí, kò bú u rí. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le gan-an nìyẹn. Bí ọkọ bá jẹ́ ìkà, ìyàwó á rí ẹjọ́ rò fún ẹbí. Ta ni Télọ̀ fẹ́ bá sọ pé ọkọ tó ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ ti há òun mọ́ inú òkùnkùn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì?

Ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé wá, obìnrin tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, tó ti di ẹni tí àwọn ilé ìwé ń gbé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù fún.

"Télọ̀, yunifọ́ọ̀mù ọgọ́ta wà nílẹ̀, ilé ìwé sì máa wọlé lóṣù tó ń bọ̀," ni ọ̀rẹ́ wí. "Kò sẹ́ni tó mọ kọ́là rán bíi tìẹ. Tó o bá ṣe èyí, tìẹ ni lọ́dọọdún. Àmọ́ mi ò kì í gbé aṣọ fún ẹni tó ń gé e nílẹ̀ẹ́lẹ̀ o. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wá wo ibi tó o ti fẹ́ ṣiṣẹ́."

Télọ̀ ò sọ fún un pé kò sí ibì kankan. Ó ní kó máa bọ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ lọ tán, ó lọ dúró ti ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ìlú yín ti ń pọ́n o. Búrọ́ọ̀ṣì ò ran án mọ́. Ẹ jẹ́ ká tú u, ká fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

"Tó bá wá dàrú ńkọ́?"

"Ṣebí èmi nìyí? Màá rán àpò fún un. Ilé kọ̀ọ̀kan, àjà kọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú àpò tiẹ̀. Màá sì kọ ọ́ sí i lára."

Bàbá rò ó títí. "Tí mo bá ṣáà ti mọ ibi tí kálukú wà, ọkàn mi balẹ̀. Ó tiẹ̀ lè wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan. Ó ti ń rẹ èmi náà."

Díẹ̀ ló kù kí Télọ̀ jó. Ó wọ́ máṣíìnì aláfọwọ́yí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rán àpò nẹ́ẹ̀tì funfun méjìlélógójì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tú ìlú náà. Bàbá ń pè é, "Ilé ìwòsàn, àjà kejì, apá ẹ̀yìn," Télọ̀ ń kọ ọ́ sára àpò, ó ń so ẹnu rẹ̀. Ọmọọ́lé sá gba ojú fèrèsé lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Télọ̀ po ọṣẹ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú bàsíà ńlá, torí omi gbígbóná máa ń ká rọ́bà kò, ó sì kó gbogbo àpò sínú rẹ̀.

Tábìlì wá ṣófo. Télọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé máṣíìnì sórí rẹ̀. Ó ṣí kọ́tìnnì, ó tan fáànù. Ó tẹ́ àjákù aṣọ kan, ó gé kọ́là kan láti fi gbọ́wọ́ wò, kọ́là náà sì jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ń kọrin nígbà tó lọ kó àpò jáde nínú omi.

Àpò méjìlélógójì, gbogbo wọn funfun báláú. Kò sí lẹ́tà ẹyọ kan lára ọ̀kankan.

Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ aláwọ̀ búlúù ló fi kọ ọ́. Ogójì ọdún ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì yẹn sàmì sára aṣọ, ìdí tó sì fi ń lò ó ni pé bí omi bá ti kàn án, ó ti lọ nìyẹn. Ká ní akọ̀wé ni, bírò ni ì bá mú. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, àmọ́ orí tó mì lọ́jọ́ yẹn, ó mì jù. Télọ̀ ronú pé kí òun fojú díwọ̀n rẹ̀, kí òun kọ ohun tó bá ṣáà wá sọ́kàn òun. Ó tú àpò mẹ́ta wò. Funfun àti àwọ̀ eérú ló kún inú wọn, ta ni ó mọ èyí tó jẹ́ ògiri ilé ẹjọ́ àti èyí tó jẹ́ òpó afárá? Ó gbé bàsíà náà lọ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Ó ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ìbínú ì bá sàn. Bàbá wo bàsíà náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin.

"Kò burú. Inú orí mi níbí ni ìwé ẹ̀ wà. Àmọ́ a ò gbọdọ̀ fi falẹ̀ o, kí n má lọ gbàgbé. Nu tábìlì yẹn. Òní la ó bẹ̀rẹ̀. Èmi á máa sọ, ìwọ á máa tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́rin, ó pẹ́ tán márùn-ún. A tiẹ̀ lè fi ilé ìwé kún un!"

Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Télọ̀ ò rí ayọ̀ báyìí lójú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ pé rárá fún irú ojú bẹ́ẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ kúkú ló ba ìlú jẹ́. Ó wọ yàrá lọ, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

"Má wulẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀ mọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sáyè ni."

"Ó dáa. Màá wá ẹlòmíràn. Má bínú, Télọ̀."

Ó dá máṣíìnì padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó pa fáànù. Ó fa kọ́tìnnì dé. Nígbà tó fi máa padà dé ìdí tábìlì, bàbá ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, ó sì ti ń yan búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ọwọ́ gbígbọ̀n.

"Ilé ìwòsàn la máa kọ́kọ́ kọ́. Mú eléèérú gígùn yẹn, èyí tó ní kókó mẹ́jọ lórí. Fèrèsé kẹta lẹ́yìn kò ní gíláàsì, ṣé o rántí? Ọdún kejì ló sọnù. Ìwọ lo gbá a mọ́ pàǹtírí lọ." Ó rántí gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan igun ìlú náà tí òjò rọ̀ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbàgbé fèrèsé pálọ̀ ní ṣíṣí. Ó gbójú sókè. "Kí ló dé? Ojú ẹ ò dáa."

Ọdún mẹ́jọ ni Télọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó wá já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Tábìlì mi ni mo fẹ́ gbà."

Bàbá wò ó. Kò sí ìkà kankan lójú rẹ̀, ó kàn yà á lẹ́nu ni, ó sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Tábìlì wo?" ló bi í. Ó yíjú wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn àga, ó ń fojú wá a káàkiri pálọ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lórí tábìlì náà.