Ọkàn Màlúù Tí Olùkọ́ Wa Là

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìrókò, tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àìsàn kan ń ṣe ìyá mi tí gbogbo ilé ń pè ní àárẹ̀. Àárẹ̀ kọ́! Bí wọ́n bá yan gàrí díẹ̀, wọn á jókòó, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹsẹ̀ wọn wú. Bàbá mi ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, wọ́n ní kí ìyá mi máa mu àgbo.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa obìnrin ra ọkàn màlúù lọ́wọ́ alápatà ní Moniya, wọ́n là á sí méjì lójú wa. Wọ́n ní ìpele mẹ́ta ni ògiri ọkàn ní. Ti òde jẹ́ awọ fẹ́lẹ́, ó ń dáàbò bò ó, ó sì ń yọ̀ kí ọkàn má baà máa ha mọ́ ohun tó yí i ká bó ṣe ń mì. Àárín ni ẹran kíki wà. Òun ló ń sún kì tó sì ń tú, tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ti inú lọ́hùn-ún ń dán bí inú àwo tánganran, kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá láìdì. Wọ́n ní bí ó bá rẹ ẹran àárín yẹn, omi á máa dúró sára, ẹsẹ̀ á wú, èémí á sì há.

Mo sáré délé. "Bàbá, ọkàn ìyá wa ló ń ṣiṣẹ́ jù!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ti màlúù lẹ rí. Ṣé màlúù ni ìyá rẹ?"

Inú bí mi débi pé n kò jẹun. Mo lọ bẹ olùkọ́ wa, wọ́n wá sílé, wọ́n bá bàbá mi sọ̀rọ̀ títí. Bàbá mi ní, "A ó rò ó." Wọ́n ṣì ń rò ó lọ́wọ́ ni ìyá mi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gàrí.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti fìyà jẹ ẹran ọkàn wọn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n lo oògùn, ẹsẹ̀ wọn tó wú sì lọ sílẹ̀. Ẹ rò pé ó parí? Ìyá mi dá oògùn dúró!

"Ara mi ti yá, Alihamudulilahi. Kí ni mo tún ń gbé oògùn mì sí?"

"Ìyá mi, oògùn yẹn ló jẹ́ kó yá!"

Wọn kò gbọ́, àfi ìgbà tí a tún gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, bàbá mi tó fi mí rẹ́rìn-ín ló ń dúró tì wọ́n láràárọ̀ pẹ̀lú ife omi, kò sì ní kúrò títí wọn á fi gbé e mì. Ìyá mi pẹ́ láyé, wọ́n pọn àwọn ọmọ mi.

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà létí títì báyìí, ọ̀kadà á gbé yín débẹ̀ wéré. Síbẹ̀ àkọ́bí mi, tó ń jókòó ní ọ́fíìsì, ní òun kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun mọ́ torí pé nǹkan kan kò dun òun. Mo ní, "Ìyá mi kò mọ̀wé, ilé ìwòsàn sì jìnnà sí wọn. Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní kí n má bínú. Kí n má bínú kẹ̀!