Ìtumọ̀ Tí Mo Fún Orin Olórin

Ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìdímù, báńdì kan wà tó jẹ́ pé bóyá èmi nìkan ni mo mọ orin wọn sórí. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, jìtá oníná tó ń han bí ayùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ló ń ṣáájú wọn. Àwọn èèyàn ò kà wọ́n sí. Tí wọ́n bá ń ṣeré ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Gowon Estate, orin kan ṣoṣo tó ṣeé jó làwọn tó wá wòran máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá ń kọ èyí tó kù, kálukú á máa bá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ.

Èyí tó kẹ́yìn nínú àwo wọn lèmi fẹ́ràn jù. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀:

Má tìlẹ̀kùn, iná ṣì ń tàn,
Oúnjẹ rẹ wà lórí tábìlì.
Bàtà rẹ kan ló kù nílé,
Ìkejì ti bá ọ lọ.

Orin ìfẹ́ ni mo kà á sí. Mo ní tọkọtaya ló jà, tí ìyàwó fìbínú jáde, tí ọkọ wá ń dúró dè é. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ará ibi iṣẹ́ mi, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyàwó mi títí ó fi sú u. Ẹsẹ kẹta wà níbẹ̀ tí jìtá bò mọ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí, mi ò sì dààmú láti gbọ́ ọ. Tí orin bá ti débẹ̀, màá kàn máa mi orí bí ẹni tó mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́wàá. A pe àwọn díẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn tá a jọ ń gbélé sínú ọgbà wa lọ́sàn-án Sátidé, ká dúpẹ́, ká jẹun. Mo bẹ báńdì náà kí wọ́n wá. Obìnrin náà bi mí pé orin wo ni mo fẹ́, mo dárúkọ èyí. Ó ní ṣó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú ṣáká.

Nígbà tó kàn wọ́n láti kọ ọ́, mo gba máìkì. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́.

Mo ní, “Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, orin ìfẹ́ nìyí. Ìyàwó ló bínú jáde, tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan lọ. Ìyàwó mi, tó o bá bínú lọ́la, jọ̀ọ́, wọ méjèèjì.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Mo dúró síwájú níbẹ̀, inú mi ń dùn sí ara mi.

Nítorí àwọn ará ilé kejì, wọ́n ti dín ohùn jìtá kù. Bí ẹsẹ kẹta ṣe jáde ketekete nìyẹn:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá pàdé ìyá mi lọ́nà,
Ẹ má pè é ní ìyá mi.
Ẹ pè é lórúkọ tó ń jẹ́ kó tó bí mi,
Bóyá ìyẹn ló ṣì rántí.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gbé ife wọn sílẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lójú mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kó o kúrò. Ìyàwó mi tẹ orí ba. Obìnrin náà ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá, ó kọ ọ́ parí.

Mo lọ bá a níbi tó ti ń ká wáyà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí n máa sọ ìsọkúsọ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, látìgbà tá a ti gbé e jáde, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó ní ká kọ ọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ yí ọkàn padà.”

Ó wá sọ fún mi pé ìyá òun ti ń gbàgbé nǹkan káwọn tó kọ orin náà. Ilé wọn ní Ìgàndò ni báńdì ti ń fi orin dánra wò, lọ́jọ́ kan, òun ti ilẹ̀kùn kí ariwo má bàa yọ àdúgbò lẹ́nu. Òun ò mọ̀ pé ìyá wà níta. Aládùúgbò ló sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé màmá kan ilẹ̀kùn títí, wọn ò gbọ́, ó bá yíjú padà, ó ń lọ tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan. Wọn ò tíì rí i dòní.

Mo bá a gbé sípíkà dé ìdí ọkọ̀.

Lálẹ́, ìyàwó mi ò bá mi wí. Ó kàn ní ìgbà tí mo ti ń ṣàlàyé orin yẹn fóun, òun ti bi mí rí pé kí ni wọ́n ń sọ nísàlẹ̀ jìtá yẹn, mo sì ní kò ṣe pàtàkì. Mi ò rántí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo lè sọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣeré ní gbọ̀ngàn kan nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure. Mo lọ, mo jókòó sẹ́yìn. Orin tó ṣeé jó làwọn èèyàn tún ń pariwo. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, obìnrin náà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní orin mìíràn lọ́kàn. Ó wo gbọ̀ngàn yípo, ojú ẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fẹ́ dárúkọ orin ìyá ẹ̀. Mo rántí bí mo ṣe fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nínú ọgbà wa, mo wo ilẹ̀, wọ́n sì tún orin ijó kọ.