Ọkọ̀ Tí Kì Í Ṣàìsàn Níwájú Mẹkáníìkì

Bí mo bá sọ fún èèyàn pé ojo ni mí, wọ́n á rò pé mo ń ṣeré ni. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹjọ, ẹ̀rù sì ń bà mí tọ̀sán-tòru. Nígbà oyún àkọ́kọ́, tákísí la dúró dè lójú títì ní Nzeng-Ayong, àdúgbò tí à ń gbé nílẹ̀ àjèjì, títí ọmọ fi bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù kan.

Àfi bí ọkọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Á sáré dáadáa, tó bá yá, á kàn máa jáàkì lórí òkè, bí ẹni tí omi pá lórí. Ó lè ṣe é lónìí, kó má ṣe é fọ́jọ́ mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe é ni àyà mi ń já, torí ìyàwó mi tó ń rọbí ni mo máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Bàbá Nàgó kan, Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Benin, ni mẹkáníìkì mi, Atong Abè ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ kí bàbá yìí, ó tẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí mo bá ti dé, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá sọ̀ kalẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀. Bàbá á béèrè ilé, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ mu omi. Nígbà tí a bá fi máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ á máa ró wọ̀ọ̀ bí èyí tí nǹkan kan kò ṣe. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n fọ kabúrétọ̀, pàbó ló já sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá ní ó lè jẹ́ pé ọkàn mi ló ń jáàkì. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n, mo gbé e mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń bọ̀ láti ibi tí ìyàwó mi ti lọ yẹ ara wò, ni ọkọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Mo yà sí Atong Abè, mo já wọ ṣọ́ọ̀bù, n kò pa ẹ́ńjìnnì, n kò sọ̀ kalẹ̀, n kò kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, ẹ wá gbọ́ ọ kó tó dákẹ́."

Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí wa. Ìyàwó mi ló yọrí lójú fèrèsé tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wo ti ọkọ òun, kí wọ́n wo ti ọmọ inú òun. Wọ́n bá dìde. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fọwọ́ kan kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, wọ́n sì fa ọwọ́ padà kíá torí ó gbóná bí iná. Wọ́n rẹ àkísà sómi, wọ́n fi wé kọ́ìlì náà. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ró wọ̀ọ̀.

Bàbá nu ọwọ́ wọn.

"Gbogbo ìgbà tí a fi ń kí ara wa," wọ́n ní, "ìgbà yẹn ló fi ń tutù."

Wọ́n fi kọ́ìlì mìíràn sí i lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ò sì jáàkì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Nígbà tí ìrọbí dé láàárọ̀ Sátidé kan, mo rọra ń wa ọkọ̀ bí ẹni ru ẹyin. Ìyàwó mi ní kí n sáré. Mo ní kó dákẹ́, kí n lè gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ró.

Orí àga ọkọ̀ yẹn ló bímọ sí. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì létí títì ló gbẹ̀bí ọmọ náà, ọmọ ò sì tètè ké. Kó tó ké, mo ti kú tán. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ọsibítù.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, ìyàwó mi lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Títí dòní, bí ọmọ bá ti wà nínú ọkọ̀, òun ló ń wà á.