Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Mi

Ọdún tí wọ́n ti bodè, tí aṣọ́bodè ń tú gbogbo ọkọ̀ nítorí ìrẹsì, ni ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi tún gbéra.

Rọpárọsẹ̀ ló pa ọwọ́ náà lọ́dún tó ṣáájú. Ọwọ́ tó fi ń roko ní Ìdogo wá di ẹrù lórí itan rẹ̀. Kò sí àdúrà tí màmá mi ò gbà: kó ṣáà mira.

Lọ́jọ́ tá a gbé e lọ fún àyẹ̀wò n'Ílaró, aṣọ́bodè kan dá ọkọ̀ wa dúró. Ibẹ̀ la wà tí ọwọ́ ọ̀hún fi dìde fúnra rẹ̀, tó ń gbọ̀n. Aṣọ́bodè rò pé wọ́n ń kí òun ni, ló bá kí i padà bí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọwọ́ ti jí!" Màmá mi bọ́ sílẹ̀, ó ń jó lójú títì. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Kíá ni ẹnu bàbá mi wọ́, tí gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Mo mọ ọgbọ́n yín," ni aṣọ́bodè wí. "Wọ́n gbé òkú wá síbí lánàá, ìrẹsì ni. Màmá, ẹ ní kí Bàbá dáwọ́ gbígbọ̀n dúró, mo fẹ́ wo abẹ́ ìjókòó."

Bó ti rí ìtọ́ tó ń hó lẹ́nu bàbá mi ló ké pé, "Wárápá! Ẹ máa gbé e lọ!" Wọ́n ní ìtọ́ ẹni tí wárápá gbé a máa ranni. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ló ṣínà fún wa.

Àṣé ìrẹsì Kútọnu wà lábẹ́ ìjókòó lóòótọ́! Awakọ̀ ló kó o síbẹ̀, àwa ò mọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó bi wá léèrè ọjọ́ tá a tún ń gbé e bọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

"Ibi tí rọpárọsẹ̀ bà jẹ́ nínú ọpọlọ ti di àpá," ni dókítà wí. "Iná mànàmáná ló ń jíṣẹ́ kiri inú ọpọlọ. Bó bá dé ojú àpá, ó lè ṣàdédé dàrú, kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí àpá bá tóbi, ewu rẹ̀ á pọ̀."

"Iná wo?" ni màmá mi bèèrè. "Ilé wa gan-an ò ní iná."

Dókítà ní òògùn wà. Bí bàbá bá ń lò ó déédéé, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ má gbọ̀n mọ́. A ṣe àmín.

Bàbá mi ti lajú nígbà yẹn. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé itan, ó ń wò ó.

"Mo rí i nígbà tó dìde," ó ní. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi."