Ulé Ẹ̀yìn Súkúù

Ilé tí a gbà ní Ìkẹ́rẹ́ kò wu èèyàn. Òrùlé rẹ̀ ń jò, kànga rẹ̀ a sì tètè gbẹ. Onílé fúnra rẹ̀ bi mí bóyá mo ti wò ó dáadáa. Mo ní mo ti wò ó. Ohun tí mo ń wò kò sí nínú ilé. Ògiri ẹ̀yìnkùlé ni, nítorí ògiri yẹn náà ni ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo òbí ń pọ́n lé. Láti yàrá ìdáná ni mo ti ń gbọ́ báwọn ọmọ ṣe ń kàwé.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Èmùrè la ti kó wá, ilé tó tutù, tó sì láyè. Ṣùgbọ́n nílé-ìwé tó sún mọ́ ibẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, n kò lè fi ọmọ tèmi síbẹ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ní ibi tó bá tẹ́ mi lọ́rùn ni ká lọ. Ìyá mi tẹ̀lé wa kó lè máa tọ́jú ọmọbìnrin wa. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Òun àti ọmọ kì í dákẹ́. Èdè Èmùrè wa ni wọ́n fi ń pàlọ́, òun ni wọ́n fi ń bú ara wọn ṣeré.

Nígbà tó yá, ọmọ ṣe ìdánwò Yorùbá. Wọ́n ya iṣu, ó kọ uṣu sí i. Wọ́n ya ilé, ó kọ ulé. Olùkọ́ rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, yà sí ẹnu géètì wa nírọ̀lẹ́.

“Mọ́mì, ọmọ yín mọ̀wé o. Ẹ ṣáà bá wa kìlọ̀ fún ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nílé.”

Ìyá mi jókòó sítòsí, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rò pé àlejò ló wà ní yàrá ìdáná. “Ọmọ mi, jọ̀wọ́ wá jẹ iṣu rẹ.” Ìyá mi ni. Yorùbá inú Bíbélì, èyí tó fi ń bá àlùfáà sọ̀rọ̀! Mo bú sẹ́rìn-ín.

“Yéye, kí lẹ ń ṣe báyìí?”

Kò rẹ́rìn-ín. “Torí súkúù la ṣe wá ulé yìí. Ṣé ẹnu mi ni kó wá bà á jẹ́?”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Orí kunkun tí mo jogún náà nìyẹn. Àlọ́ rẹ̀ kò tẹ̀lé e wọ inú Yorùbá yẹn. Bí ọmọ bá ní kó pa á, á ní ó ti rẹ òun. Ọ̀rọ̀ wọn wá ku ẹ káàárọ̀ àti o ṣeun. Ó dùn mí ju òrùlé tó ń jò lọ.

Ní táàmù tó kọjá, ọmọ gba ipò kìíní nínú Yorùbá. Ó sáré mú èsì náà wá fi han ìyá mi. “O ṣeun, ọmọ mi. Ó dára púpọ̀.” Ọmọ dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìyókù, ó sì lọ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìnkùlé, ohùn rẹ̀ àtijọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Inú mi dùn, mo rò pé òun àti ọmọ ni. Mo yára jáde, ọmọ sì jáde látinú ilé tẹ̀lé mi. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ògiri ilé-ìwé, ó ń da àwọn adìẹ tó ń sìn wọlé.

“Wọ ulé o, wọ ulé. Ulẹ̀ ti ṣú.”

Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì dákẹ́.