Erékùṣù Olórúkọ Méjì

Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi kú ni tíṣà kọ́ wa nípa erékùṣù kékeré kan tó wà ní ìpẹ̀kun ayé lápá àríwá. Ayé òyìnbó ni, ní ilé ẹ̀kọ́ wa l'Ọ́tà. Àwòrán ọba wọn wà lára ògiri, máàpù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀tà ò sí nínú máàpù yẹn. Erékùṣù ọ̀hún wà níbẹ̀, kò ju kóró ọkà bàbà lọ, wọ́n sì kọ orúkọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òkúta àti yìnyín ni gbogbo rẹ̀. Igi kan ò hù níbẹ̀, ẹyẹ òkun nìkan ló ń bà sí i. Òkun tó yí i ká a máa dì gbagidi fún ọ̀pọ̀ oṣù, oòrùn á sì kọ̀, kò ní yọ. Tíṣà ní ọ̀gá ọkọ̀ kan ló rí i nínú kùrukùru, ló bá fi orúkọ ẹni tó ra ọkọ̀ fún un sọ ọ́. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ìlú mìíràn kọjá, àwọn náà tún sọ ọ́ ní tiwọn. Orúkọ méjì, kò sì sí ẹni tó máa jẹ́ ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi há a sórí bí wọ́n ṣe ní ká há a. Nǹkan kan ò dùn mí, nǹkan kan ò sì wù mí lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọmọ tuntun ni àbúrò mi náà, kò dé ọjọ́ kẹjọ. Nílé wa, bàbá ló máa ń mú orúkọ, kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá ọmọ, àfi tí àfáà bá pè é síta lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n sin ín láìlórúkọ. Ìyá mi jókòó sí yàrá, omi ọyàn ń rin aṣọ rẹ̀.

Kí n ṣáà lè rí nǹkan sọ, mo sọ ti erékùṣù náà fún un.

“Ṣé ọkùnrin yẹn dé ibẹ̀?”

“Kò débẹ̀, Ìyá mi. Òkèèrè ló ti rí i.”

“Ó sì sọ ọ́ lórúkọ.”

Ó dìde, ó lọ bá bàbá mi nídìí máṣíìnì tó fi ń ránṣọ, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo lẹ mú fún un? Ẹ sọ ọ́ fún èmi nìkan.”

Bàbá mi kò gbójú sókè. “Mo ti gbàgbé.”

Bàbá mi tó mọ ìwọ̀n àyà gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí, láti Ọ̀tà dé Alápòtì. Inú bí mi sí i gan-an. Ìyá mi dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù. Kò bi í mọ́.

Títí ó fi darúgbó, bí wọ́n bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, á ní mẹ́rin. Wọ́n á ní kó dárúkọ wọn. Á pe àwa mẹ́ta, á wá dákẹ́ díẹ̀, kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.