Ẹ̀rí Tí Ìyá Mi Jẹ́ Nípa Egungun Mi

Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ̀ mí wò lẹ́yìn tí mo já bọ́ lórí ọ̀kadà ni obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá títì ní Mushin. Ó ní kí n dìde. Mo dìde. Ó ní kí n mi orí. Mo mi orí. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é," ó sì padà sídìí ẹ̀pà ẹ̀. Gbogbo àwọn tó pé lé mi lórí ló gbà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹnì kan fi eyín já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ó da gbogbo ẹ̀ sí mi lórí, torí kò sí jàǹbá tí wọn kì í kọ́kọ́ da omi lé ní àdúgbò yẹn. "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú oríire!" Mo ní ẹ ṣé.

Ọ̀kadà ọ̀hún, ìjọba ti ní kò gbọdọ̀ rìn lọ́dọ̀ wa mọ́. Ó ń rìn. Ìdí-Orò ni mo ti gùn ún ní ọ̀sán Sátidé, mò ń lọ síbi ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sùúrùlérè. Ẹnì kan tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú mọ́tò tó dúró lẹ́bàá títì ló ṣàdédé ṣílẹ̀kùn láìwẹ̀yìn. Ọlọ́kadà yà fún ilẹ̀kùn, èmi ò yà. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi balẹ̀. Ọlọ́kadà ò tiẹ̀ ha lára. Ó gbọn ṣòkòtò ẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ dúpẹ́ o. Ẹlòmíì ì bá ti kú." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló gbà mí là. Inú bí mi débi pé mi ò rántí wo ọwọ́ mi.

Ọwọ́ yẹn sì ni mo fi ń tẹ dùùrù. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kì í ṣe òun ni mo fi ń jẹun, ọ́fíìsì ni mò ń lọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí léèrè iṣẹ́ mi, dùùrù ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ẹnì kan ṣoṣo tó tún lè jókòó sídìí ẹ̀ ni akọ̀wé ìjọ, bàbá àgbà kan tí kò mọ̀ ju orin kan lọ dáadáa, èyí tí wọ́n fi ń sin òkú.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń gbé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, ó sì yẹ̀ mí wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́. Ó ní kí n ká ẹsẹ̀, kí n nà án. Ó tẹ ìhà mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ti ń wú díẹ̀. Mo fi í sẹ́yìn, mo ní tó bá di àárọ̀ á ti rọ̀.

"Ṣé kò síbi tó ṣẹ́?"

"Kò sí, Mà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irọ́ kékeré yẹn ṣe di ńlá. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ara ẹ̀ yá, ọsibítù dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi jó lọ síwájú pẹpẹ, ó ní Ọlọ́run ti wo ọkọ òun sàn. Ìjọ bá a yọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, bàbá mi kú. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti ní kí àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ jáde, ìyá mi á káwọ́ lé itan, á máa wo iwájú. Kò bínú. Kò kúrò nínú ìjọ. Kò ṣáà jáde mọ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo já bọ́, mo wà nídìí dùùrù nígbà tí mo rí gèlè ìyá mi tó ń bọ̀ láàárín àwọn bẹ́ǹṣì. Ó gba máìkì.

"Ẹ̀yin ará, ọmọ mi já bọ́ lórí ọ̀kadà lánàá. Egungun ẹ̀, ìkankan ò ṣẹ́."

Halelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ìyá mi kọjú sí mi, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́, kí n jó."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò mi ń ta mí bí ìgbà tí èèyàn tọwọ́ bọná. Orin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, ìyá mi sì ní kí wọ́n tún un kọ látòkè. Omi ń dà lójú mi. Àwọn kúáyà rò pé ayọ̀ ni, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ fún mi, ojú wo ni mo máa fi lọ gba káàdì ní ọsibítù? Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló wà nínú ìjọ wa, Ìdí-Àràbà ni gbogbo wọn ń gbé. Kò sí bẹ́ǹṣì ọsibítù tí mo lè jókòó sí láti ibẹ̀ dé Sábó tí ẹni tó mọ ìyá mi ò ní rí mi. Ìyá mi á gbọ́, á sì di ẹ̀ẹ̀kejì tó máa jáde dúpẹ́ tí ojú á tì í. Mi ò lè jẹ́ kí ìyẹn tún ṣẹlẹ̀ sí i. Mo lọ sí kẹ́míìsì. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ yẹ̀ mí wò látẹ̀yìn káńtà láìfọwọ́ kàn mí, ó ní iṣan ló yí, ó tà mí ní ìpara gbígbóná. Mò ń fi para lóròòru, gbogbo yàrá mi ń rùn bíi ti arúgbó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ìka mẹ́sàn-án ni mo fi tẹ dùùrù. Ìyẹn ṣì rọrùn. Ilé ló le. Ta ló máa fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún ìyá ẹ̀? Mo wá ń gbé ohun gbogbo sórí tábìlì, mò ń ní, "Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, Mà." Ìyá mi rò pé mò ń bínú sí òun. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tóun ṣe.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́, ó na ọwọ́ kejì fún omi. Kò sí tábìlì nítòsí. Mo fi ọ̀tún gbé ife, ife já bọ́. Mo bu òmíì, mo fi òsì gbé e fún un. Mo kúnlẹ̀ sí i, bóyá ìyẹn á dín àrífín náà kù.

Kò gbà á. Ó wo ọwọ́ òsì yẹn títí.

"Mú ọ̀tún wá."

Ó tẹ ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò mi. Mo ké, "Yéè!" Àwọn ará ilé kejì yọjú.

"Mo gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi pé ò ń fo àwọn ohùn kan," ó ní. "Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lóde òní nìyẹn. Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ ti jẹ́rìí, Mà."

Ó gba omi náà lọ́wọ́ òsì mi, ó fi lo oògùn ẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí a fi dé ọsibítù. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ wa ló kọ́kọ́ rí wa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Háà, Màmá! Kí lẹ wá ṣe?"

"Ẹ̀rí mi ni mo wá yẹ̀ wò," ìyá mi ní.

Wọ́n ya àwòrán ọwọ́ mi. Dókítà, ọmọdébìnrin kan tí oorun ṣì wà lójú ẹ̀, gbé àwòrán náà sókè síbi fèrèsé. Egungun kékeré kan nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, tí kò tóbi ju ẹ̀pà tí wọn ò tíì pa lọ, ti là sí méjì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ká ní mo fi sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, apá kan ẹ̀ ì bá kú, ọwọ́ náà ì bá gan.

"Ṣé mo ṣì lè tẹ dùùrù?"

"Ẹ jẹ́ ká dì í ná, Mà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a máa mọ̀."

Mo bú sẹ́kún. Ọwọ́ náà jinná nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ìyá mi fi ìbọ̀rùn ẹ̀ nu ojú mi, ó wá kọjú sí dókítà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, egungun mélòó ló wà lára èèyàn?"

"Igba ó lé mẹ́fà, Mà."

Ìyá mi gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ bá Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, ó ní òun fẹ́ jáde dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Fíkà bẹ̀ ẹ́. Ó ní Ọlọ́run mọ ọkàn, pé kò pọn dandan. Ìyá mi ní, "Nígbà tí mo wà ní tíṣà, tí mo bá ṣi ìṣirò kọ sójú pátákó, ojú àwọn ọmọ yẹn náà ni mo ti máa ń pa á rẹ́." Fíkà bá kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ tàwọn tó máa dúpẹ́.

Ó sì jáde. Ó mú káàdì mi dání.

"Ẹ̀yin ará, mo wá tún iṣẹ́ mi ṣe. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo sọ níbí pé ara ọkọ mi ti yá. Ọjọ́ karùn-ún ló kú. Ẹ bá mi sin ín, ṣùgbọ́n èmi ò padà wá síwájú yìí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ní egungun ọmọ mi, ìkankan ò ṣẹ́. Ọ̀kan ṣẹ́." Ó wo ẹ̀yìn káàdì. "Ó ku igba ó lé márùn-ún. Ìyẹn ni mo wá dúpẹ́ fún."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Halelúyà ló kàn. Ìyá mi kọjú sí ìdí dùùrù. Akọ̀wé ìjọ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá náà, ó tẹ èyí tó mọ̀, orin òkú. Èmi ti jáde lọ bá ìyá mi nígbà yẹn, mo gbé ọwọ́ tí wọ́n dì mọ́ àyà. Ìyá mi tẹ́tí sí orin náà díẹ̀. Òun la fi sin bàbá mi. Ó di ọwọ́ òsì mi mú, ó sì jó o parí.